Bí Akọ̀wé Láoyè Ṣe Kọ́ Èdè Àna Rẹ̀

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí Akọ̀wé Láoyè wọ kíláàsì èdè Fiẹ́tínámù ni wọ́n ṣì ń sọ káàkiri títí di òní, àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló sì ń sọ ọ́ jù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni bàbá náà nígbà yẹn. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó há báàgì awọ sábẹ́ apá, ó sì wọlé nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló bá níbẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Bí wọ́n ti rí i, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

“Gúdú mọ́nìn, sà!”

Inú bàbá dùn. Ó ní àṣé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Ó wò ó pé wọ́n ń wo ẹnu òun, wọ́n ti ṣí ìwé, wọ́n ti mú bírò dání, ó sì rò ó pé kò ní bójú mu kí òun kàn dúró láìsọ nǹkan kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọmọ ta ni wọ́n, láti ìlú wo.

Ó ti dé orí ẹnì kẹfà, wọ́n sì ti jọ rí i pé òun àti bàbá àgbà ọmọ náà jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ní Ìjàyè, nígbà tí ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó kó ìwé sáyà. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

“Ìwọ, wo aago,” ni bàbá wí. “Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wá sí kíláàsì níbi tí o ti wá?”

“Ẹ má bínú, sà. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Òjóò.”

“Kí ọkọ̀ tó bàjẹ́, ilẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ́ ná. Lọ jókòó sẹ́yìn.”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó tún bẹ̀bẹ̀, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn. Olúyínká ni orúkọ rẹ̀. Òun gan-an ni olùkọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta ní Hànọ́ì, ó gboyè kejì níbẹ̀, yunifásítì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á kó máa kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàlagbà tó wọ kóòtù ní kí ó lọ jókòó sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó rántí oyè kankan. Ó jókòó níbẹ̀ títí bàbá fi bi àwọn tó kù léèrè tán. Ìgbà náà ló wá nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ̀yin náà forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì yìí ni?”

“Mo forúkọ sílẹ̀. Olùkọ́ ni gbogbo wa ń dúró dè. Ó ti pẹ́.”

“Èmi ni olùkọ́, sà.”

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó tún wò ó láti ilẹ̀ dókè. “Kí ló wá dé tí o kúnlẹ̀?” ló bi í.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìwà méjì ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú kíláàsì, “ẹ̀yin Tísà” ni, bàbá a máa nawọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà, ó di “Yínká, wá ńbí, ṣé o jẹun kó o tó kúrò nílé?” Bí kò bá tíì jẹun, bàbá a yọ àgbàdo sísè méjì nínú báàgì awọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Olúyínká ní kí kálukú sọ ohun tó gbé e wá. Ọ̀kan ní òun fẹ́ lọ kàwé sí i lọ́hùn-ún. Òmíràn ní ilé iṣẹ́ kan ń wá ẹni tó gbọ́ èdè náà. Tìmílẹ́hìn, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún tó máa ń jókòó níwájú, ní òun kàn fẹ́ràn fíìmù wọn ni. Ó wá kan bàbá.

“Mo fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó ni.”

Kíláàsì dàrú. Àwọn kan fi orí lé tábìlì. Bàbá dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, bó ṣe máa ń dúró de àwọn ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn aṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ó ní Múyì ọmọ òun lọ ṣe tísà ní Fiẹ́tínámù, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hoa níbẹ̀. Wọ́n lọ fọwọ́ síwèé níwájú ìjọba, wọ́n ti bí Ìyanuolúwa, kí ẹnikẹ́ni tó pe òun sí i. Ó ti pé ọdún méjì. Kò sí ará ilé kankan tó lọ kí àwọn ará ilé ìyàwó, kò sí ẹni tó ní ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó ní ẹ ṣeun. Opó ni ìyá Hoa, ìrẹsì ló ń gbìn ní abúlé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọ rẹ̀: “Ṣé ọkọ rẹ yìí kò ní èèyàn ni?” Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn rí.

“Mo ní èèyàn,” ni Akọ̀wé Láoyè wí. “Èmi ni èèyàn náà. N kò sì fẹ́ kú kí obìnrin yẹn tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Tìmílẹ́hìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ṣé Bọ̀dá Múyì ò lè bá yín túmọ̀ ẹ̀ ni?”

“Ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń tọrọ ìyàwó. Á dákẹ́ ni, á sì dọ̀bálẹ̀.”

“Fóònù ńkọ́? Áàpù wà tó máa ń túmọ̀ ẹ̀ kíá.”

“Ṣé ẹnu fóònù ni bàbá rẹ fi tọrọ ìyá rẹ?”

Tìmílẹ́hìn ní rárá, sà, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ohùn mẹ́fà ni èdè náà ní, gbogbo kíláàsì mí kanlẹ̀. Bàbá nìkan ni ara rẹ̀ yá. Ó ní mẹ́ta ti wà nílé, mẹ́ta tó kù náà ni òun wá mú. Ìkíni ló dá wàhálà sílẹ̀. Olúyínká kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, ó ní ó tán. Bàbá nawọ́ sókè. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Olúyínká ní bákan náà ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ńkọ́? Bákan náà. Ẹni tí òjò pa? Ẹni tó jókòó sójú kan? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun? Bákan náà, sà, bákan náà. Bàbá gbé bírò sílẹ̀.

“Tísà, ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún wa. A ti sanwó.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Akọ̀wé àtijọ́ ló kọ ọ́, ó ní àkọlé tó fi ìlà sí nídìí, ó ní ìpínrọ̀ tó ní nọ́ńbà: Ẹ̀sùn Lórí Ìkíni Tí Kò Pé. Olórí ẹ̀ka kà á lẹ́ẹ̀mejì. Dípò kó rẹ́rìn-ín, ó ránṣẹ́ pe Olúyínká, ó ní òun náà rò ó lóru àná, ṣé lóòótọ́ ni kò sí ìkíni mìíràn? Olúyínká ní ó dára, àwọn àgbà abúlé lọ́hùn-ún máa ń bi ara wọn bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n sì máa ń béèrè ibi tí èèyàn ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé. Nígbà tó kọ́ wọn ní èyí, bàbá wo ojú gbogbo kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ rí i? Wọ́n fi pa mọ́ ni.”

Ní Akínyẹlé tó ń gbé, ojú rí nǹkan. Jàmíù ọlọ́kadà ló máa ń gbé e dé Mọ́níyà ní gbogbo Sátidé, bàbá a sì máa ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sókè lẹ́yìn ọ̀kadà láti ilé dé títì. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń jà ni. Jàmíù kàn ń sọ fún wọn pé wòlíì ni òun gbé. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta iṣu lójú ọ̀nà da ọ̀kadà dúró, ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá gbàdúrà fún òun. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Láoyè, kì í fariwo gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dijú. Bàbá wò yíká, ó ka nọ́ńbà láti oókan títí dé ogún ní èdè Fiẹ́tínámù, ó sì ṣe àmín. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá náà gbé iṣu ńlá mẹ́ta wá dúpẹ́.

Nílé, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni bàbá ti máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni òjìji máa ń wà. Àmọ̀pé ìyàwó rẹ̀ a máa bẹ gbáàgúdá nínú, òun a sì máa tún gbólóhùn kan náà sọ níta nígbà ọgbọ̀n.

“Bàbá Múyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi.”

“Mo ń ṣiṣẹ́, Àmọ̀pé.”

“Àná, ẹ wà nínú oko, ẹ ń bá àgbàdo sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó ráyè so.”

Ìdánwò dé ní ìparí ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa dúró ní méjì-méjì, wọ́n á bi ara wọn ní ìbéèrè tó wà nínú ìwé. Tìmílẹ́hìn ni wọ́n mú pọ̀ mọ́ bàbá. Orúkọ lọ dáadáa, ìlú náà lọ dáadáa. Ìbéèrè kẹta ni pé, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Tìmílẹ́hìn la ẹnu, ó tún pa á dé. Olúyínká ní kó máa bá a lọ. Ọmọ náà wo bàbá, ó wo ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò.

“Tísà, mi ò lè bi wọ́n. Màmá mi á pa mí.”

“Má bi mí,” ni bàbá wí. “O kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Èmi náà kò ní bi ọ́, ọmọbìnrin ni ọ́.”

Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdánù máàkì ogún nìyẹn. Tìmílẹ́hìn yọrí, bàbá fìdí rẹmi. Ó tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dún kejì. Olúyínká fẹ́ fi ojú àánú gbé e lọ sí ìpele kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń wá wà ní ìpele kìn-ín-ní, kí ni òun fẹ́ lọ wá ní ìkejì? Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn ọmọ tuntun a dìde kí i, òun a sì bi wọ́n ní ọmọ ta ni wọ́n. Olúyínká wá mọ̀ pé kí òun má tíì wọlé títí yóò fi ṣe tán.

Ní ọdún kẹta, ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan nígbà òjò, bàbá ní ó ti yá. Ó pe Ọlájídé àbúrò rẹ̀, ó pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì láti Ìjàyè, ó sì ránṣẹ́ sí Olúyínká pé kó wá wòran. Wọ́n gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì. Ní apá kejì, lójú fóònù, Múyì àti Hoa jókòó, Ìyanuolúwa wà láàárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ìyá Hoa wà, tí wọ́n ti fi oṣù méjì bẹ̀ kó tó wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ó sì jọ ẹni tó ti múra àtilọ.

“Múyì, bọ́ sẹ́yìn,” ni bàbá wí. “Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́.”

Ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ṣẹ́jú sí àwọn tó kù, ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ẹni tó ro ibi tí ojú fóònù kọ sí. Ohun tí ìyá Hoa rí ní tirẹ̀ ni pé àgbàlagbà mẹ́rin wà níwájú òun, wọn kò sì sí mọ́. Ògiri ló kù, àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà lọgun. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ sáré wọlé. Ó rò pé àrùn kan ló kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Bàbá, ẹ dìde! Ẹ̀rù ń bà wọ́n!” ni Múyì ń pariwo.

“Ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀!” ni bàbá dáhùn láti ilẹ̀.

Ẹni tó sì dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dìde títí àna yóò fi ní kó dìde. Ọlájídé, tí ìdí máa ń ro, rọra yí ojú sí ẹ̀gbẹ́.

“Bùrọ̀dá, ìgbà wo la máa dìde?”

“Tí wọ́n bá gbà.”

“Tí wọn ò bá wá gbà ńkọ́?”

“A ó sun ibí.”

Olúyínká kò lè fara dà á mọ́. Ó gbé fóònù kúrò lára agolo, ó sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ariwo apá kejì dákẹ́. Ìyá Hoa rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ewú ti gba orí wọn, tí wọ́n na tàntàn sórí sìmẹ́ńtì, tí wọ́n fi àyà balẹ̀. Ó sún mọ́ fóònù. Bàbá gbé orí sókè, ó rí ojú rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun ni bàbá Múyì. Ó ní ọmọ yín wà lọ́wọ́ wa, a kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má bínú. Òní la wá tọrọ rẹ̀.

Ohùn mẹ́rin ló ṣì. Olúyínká kà á, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Obìnrin náà wo ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àmọ̀pé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sínú. Lẹ́yìn náà ni ìyá Hoa la ẹnu, ó rọra sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wà ní ìpele kìn-ín-ní. Bàbá yí ojú sókè sí olùkọ́ rẹ̀, ó sì nawọ́ sókè láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

“Wọ́n ní…” Olúyínká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Wọ́n ní ọdún márùn-ún làwọn ti ń retí yín. Wọ́n ní kẹ́ ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Àwọn mẹ́ta dìde. Ọlájídé ni wọ́n gbé.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè ní aago méjì, lẹ́yìn ìsìn, ni ìyá Hoa máa ń pè. Gbólóhùn méjìlá ni bàbá ní, ó sì tó wọn. Ṣé wọ́n ti jẹun? Ṣé òjò rọ̀? Ọmọ ti dàgbà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán, bàbá a gbé gbáàgúdá sójú fóònù, obìnrin náà a gbé ṣírí ìrẹsì, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí àgbẹ̀ ṣe ń wo iṣẹ́ àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Hoa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ọmọ rẹ̀. Òun ló fi Ìyanuolúwa sí ilé ìwé.

Akọ̀wé Láoyè kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ó jẹun alẹ́, ó ní ọbẹ̀ dùn, ó sùn, kò sì jí. Kíláàsì mẹ́ta ló wá sí ìsìnkú rẹ̀, Tìmílẹ́hìn sì sunkún ju àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Múyì wá, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní Sọ́ńdè kejì lẹ́yìn ìsìnkú, Olúyínká gbé ìwé ẹ̀rí bàbá wá sí Akínyẹlé. Ó yege nínú ìdánwò ìkẹyìn tó ṣe, ó gba máàkì méjìléláàádọ́ta. Àmọ̀pé gba ìwé náà, ó wò ó, ó gbé e lé itan. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí fóònù dún. Aago méjì ti lù.

Àwọn méjèèjì wo fóònù náà. Olúyínká nawọ́ sí i pé kí òun bá wọn gbà á, ṣùgbọ́n Àmọ̀pé ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó tún gèlè ṣe, ó gbé fóònù ró, ó sì jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó. Ojú ìyá Hoa yọ. Obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

Ni Àmọ̀pé bá la ẹnu. Ó béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ó béèrè bóyá òjò rọ̀. Ó ní ọmọ ti dàgbà. Gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn ni, gbogbo rẹ̀ ló pé. Olúyínká dìde dúró láìmọ̀. Ibi tí bàbá ti máa ń ṣi ohùn náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣì í, kò ṣì í níbòmíràn. Ibi tí bàbá ti máa ń dúró kó ha ọ̀fun, Àmọ̀pé náà dúró níbẹ̀, ó ha ọ̀fun. Ìyá Hoa fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá,” ni Olúyínká wí, “ta ló kọ́ yín?”

Àmọ̀pé kò gbé ojú kúrò lára fóònù. “Ta ni ì bá kọ́ mi? Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́.”

Ó fi etí ìró nu ojú, ó sì bọ́ sórí gbólóhùn kẹjọ.